Ọjà tí A Kò Mọ Orísun Rẹ̀: Ríra Ejò Ilẹ̀ Òkèèrè lọ́wọ́ Àwọn Olówò Ńlá

 Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí òwò kan tí ó ń ti ẹ̀yìnkùlé wa kọjá lọ sí òdìkejì òkun, ṣùgbọ́n tí a kì í sábà fi èdè wa jíròrò lé lórí.

1. Ìfáárà

Òwò ejò àti àwọn ẹran afàyàfà mìíràn ni mo ní lọ́kàn. Lójú ọ̀pọ̀ nínú wa, ọ̀rọ̀ ejò kò kọjá ọ̀rọ̀ ọdẹ, ti àgbẹ̀ tàbí ti oníṣègùn. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, àìmọye ènìyàn ni ó ń sin ejò nínú ilé gẹ́gẹ́ bí àwa ti ń sin ajá àti ológbò. Wọn a rà á ní ìsọ̀. Onísọ̀ a rà á lọ́wọ́ olówò ńlá. Olówò ńlá a kó o wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè. Ẹni tí mo ń pè ní olówò ńlá lónìí ni ẹni tí ń ra ẹran afàyàfà lọ́pọ̀ yanturu, tí ó sì ń tà á lọ́pọ̀ fún àwọn alátùntà, kì í ṣe fún ẹni tí yóò sìn ín.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ dáhùn. Nígbà tí alátùntà bá san owó fún olówò ńlá, kí ni ó rà gan-an? Èsì tèmi ni pé kì í ṣe ejò nìkan ni ó rà. Ó ra ọ̀nà tí ejò náà gbà wá pẹ̀lú: ihò tí a ti gbẹ́ ẹ yọ, àpò tí a dì í sí, ọjọ́ tí ó fi wà láìmu omi, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti kú kí òun tó dé. Àwọn àgbà ní a kì í yọwó ẹja nínú ibú. Nínú òwò yìí, lójoojúmọ́ ni a ń yọwó ohun tí a kò mọ orísun rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ má baà fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ejò kan ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ, ọ̀nà kan ni n óò sì tọ̀. Ejò náà ni mọ̀nàmọ́ná, tí àwọn onímọ̀ ẹranko ń pè ní Python regius. Ọ̀nà náà ni èyí tí ó ti Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Àwọn tí ń sọ èdè wa wà ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n wà ní agbègbè Àtakpamẹ̀ ní Tógò. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa bí ó ti lè rí lójú.

2. Ejò tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀

A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya mọ̀nàmọ́ná sọ́tọ̀ sí erè. Ìbátan ni wọ́n. Àwọn méjèèjì ni kò ní oró, tí ó jẹ́ pé wíwé mọ́ ẹran ni wọ́n fi ń pa á. Ṣùgbọ́n erè a máa gùn kọjá mítà mẹ́rin, nígbà tí ó ṣọ̀wọ́n kí mọ̀nàmọ́ná gùn ju mítà kan àbọ̀ lọ. Bí ẹ̀rù bá ba mọ̀nàmọ́ná, a ká ara rẹ̀ jọ, a fi orí pamọ́ sí àárín, a sì rí róbótó bí bọ́ọ̀lù. Ìdí nìyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń pè é ní ball python. Ìwà pẹ̀lẹ́ yìí gan-an ni ó sọ ọ́ di ààyò àwọn tí ń sin ejò, òun náà ni ó sì mú kí ó rọrùn láti mú.

Inú ihò tí òkété àti àwọn eku mìíràn gbẹ́, tàbí inú ọ̀gán, ni ó ń gbé. Eku ni oúnjẹ rẹ̀ pàtàkì, nítorí náà ó ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ láìgba owó. Ẹyin rẹ̀ kò pọ̀: mẹ́rin sí mẹ́wàá ni ó wọ́pọ̀ pé kí abo kan yé lẹ́ẹ̀kan. Abo náà a wé ara rẹ̀ mọ́ ẹyin wọ̀nyí fún nǹkan bí oṣù méjì títí wọn yóò fi pa. Kì í ṣe ọdọọdún ni abo kọ̀ọ̀kan ń yé ẹyin, ó sì ń pé ọdún mélòó kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbàgbé kókó yìí. Ẹranko tí kì í bí púpọ̀ kò lè fara da ọdẹ bí èyí tí ń bí wọ̀ǹtìwọnti.

Ní Ouidah, ní etíkun Bẹ̀nẹ̀, ejò ọlọ́wọ̀ ni mọ̀nàmọ́ná. Dangbe ni wọ́n ń pe òrìṣà tí ejò náà jẹ́ àmì rẹ̀. Tẹ́ńpìlì rẹ̀ wà níbẹ̀ títí di òní, ó dojú kọ ilé ìjọsìn ńlá ti àwọn Kátólíìkì. Àwọn tí ń bọ ọ́ kì í pa á, wọn kì í sì í jẹ ẹ́. Síbẹ̀, láti orílẹ̀-èdè kan náà ni a ti ń di irú ejò yìí sínú àpótí, tí a ń kó o wọ ọkọ̀ òfuurufú. A kò gbọ́dọ̀ fi èyí bú ẹnikẹ́ni, nítorí pé ẹni tí ń bọ ejò àti ẹni tí ń tà á kì í ṣe ẹnì kan náà. Ohun tí ó ń fi hàn wá ni pé ibi tí ọ̀wọ̀ bá parí sí, ibẹ̀ ni òwò ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́ta yìí ni òwò náà ti gbilẹ̀? Ìdáhùn wà lára ilẹ̀. Igbó kìjikìji tí ó tẹ́ rẹrẹ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà já lágbedeméjì ní agbègbè yìí. Ọ̀dàn ni ó sọ̀ kalẹ̀ títí dé ẹ̀bá òkun. Ilẹ̀ ọ̀dàn àti oko tí a ti ṣán ni mọ̀nàmọ́ná fẹ́ràn. Nítorí náà, ibi tí ejò náà ti pọ̀ kò jìnnà sí Lomé, Kútọnù àti Àkrà, níbi tí pápá ọkọ̀ òfuurufú wà.

3. Láti inú ihò dé inú ìsọ̀

Àwọn tí ń mú ejò yìí kì í ṣe ọdẹ aládàáni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ, láti nǹkan bí oṣù kejì sí oṣù kẹrin, tí iṣẹ́ oko kò tí ì le, wọn a gbé ọkọ́ àti àdá, wọn a máa gbẹ́ ihò kiri. Àkókò náà ni àwọn abo lóyún, tàbí tí wọ́n ti yé ẹyin. Alájàpá a wá láti abúlé dé abúlé, a ra ejò àti ẹyin lọ́wọ́ wọn, a kó wọn lọ fún olóko ejò nítòsí ìlú ńlá. Olóko ejò ni yóò tọ́jú ẹyin títí yóò fi pa, tí yóò sì kó ọmọ ejò ránṣẹ́ sí olówò ńlá ní òkè òkun. Láti ọwọ́ olówò yẹn ni yóò ti dé ọwọ́ onísọ̀, kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí yóò sìn ín.

Bí a bá kà wọ́n, àgbẹ̀, alájàpá, olóko ejò, olówò ńlá, onísọ̀ àti ẹni tí ń sìn ín jẹ́ mẹ́fà. Gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí nínú òwò àrọ́bọ̀, ẹni tí ó ti ọwọ́ bọ ihò ni èrè tirẹ̀ kéré jù lọ. Nínú èdè wa, ohùn kan ṣoṣo ni ó ya erè sọ́tọ̀ sí èrè. Ṣùgbọ́n nínú òwò yìí, òkun ni ó wà láàárín ibi tí ejò wà àti ibi tí èrè wà.

Iye wọn kò kéré. Láti ọdún 1975 títí di òní, mọ̀nàmọ́ná tí a ti kó jáde láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ òwò náà ti fi hàn, Amẹ́ríkà ni ó sì ra èyí tí ó pọ̀ jù. Fún àpẹẹrẹ, ìwọ̀n tí Tógò fi lélẹ̀ fún ọdún kan jẹ́ 62,500 ọmọ ejò tí a pa ní oko ejò, àti 1,500 péré tí a mú láti inú igbó. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín iye méjèèjì yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

4. Ìtumọ̀ lẹ́tà kan

Àdéhùn àgbáyé kan wà tí ń ṣàkóso òwò ẹranko àti ewéko tí ewu ń wu. CITES ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1973 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Washington. Ọdún 1975 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ náà wọ inú rẹ̀ lẹ́yìn náà. Mọ̀nàmọ́ná wà nínú Àfikún Kejì àdéhùn yìí: a lè tà á, ṣùgbọ́n ìjọba orílẹ̀-èdè tí ó ti wá gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé àṣẹ, lẹ́yìn tí ó bá ti dá a lójú pé títà á kò ní pa ìran ejò náà lára.

Lórí ìwé àṣẹ yìí, lẹ́tà kan a máa sọ orísun ẹran. W ni ti ẹran tí a mú nínú igbó. C ni ti ẹran tí òbí rẹ̀ àti òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹran ọ̀sìn. R ni ti ẹran tí a kó ní ẹyin tàbí ní ọmọ láti inú igbó, tí a wá tọ́ dàgbà ní oko. R yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ mọ̀nàmọ́ná tí ń ti ilẹ̀ wa lọ ń gbé lórí.

Àgbẹ̀ ilé wa lè túmọ̀ R fún wa láìlo ìwé. Bí ẹnì kan bá rí ẹyin awó nínú igbó, tí ó kó o sábẹ́ adìyẹ rẹ̀, tí adìyẹ sì pa á, ta ni ìyá ọmọ awó? Adìyẹ sàba lóòótọ́, ṣùgbọ́n igbó ni ó yé ẹyin. Bí onítọ̀hún bá fẹ́ ní awó mìíràn lọ́dún tí ń bọ̀, inú igbó náà ni yóò tún padà sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni oko ejò rí. Ọmọ ejò pa ní oko, ṣùgbọ́n ihò ni ìyá rẹ̀ ti wá, ihò náà ni a óò sì tún gbẹ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀.

N kò sọ pé ètò yìí kò ní àǹfààní. Ọ̀pọ̀ ẹyin àti ọmọ ejò ni ìbá ti kú nínú igbó lọ́wọ́ àwọn ẹran tí ń jẹ wọ́n. Ètò náà tún béèrè pé kí olóko dá àwọn abo àti ìdá kan nínú àwọn ọmọ padà sínú igbó. Ṣùgbọ́n ejò tí a mú ní ìlú kan lè di èyí tí a tú sílẹ̀ ní ìlú mìíràn, lẹ́yìn tí ó ti bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ejò láti ibi gbogbo gbé inú ilé kan náà. Àrùn tí ó kó níbẹ̀ ni yóò sì gbé padà sínú igbó. Ní ọdún 2021, àjọ IUCN, tí ń díwọ̀n ewu tí ń bá àwọn ẹ̀dá inú ayé, gbé mọ̀nàmọ́ná kúrò láàárín àwọn tí kò sí ìbẹ̀rù fún, ó sì kà á mọ́ àwọn tí ewu ìparun ń sún mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí olówò ńlá bá kọ ọ́ sínú ìwé ọjà rẹ̀ pé “oko ni a ti bí i,” òótọ́ ni ó lè jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń rà á gbọ́dọ̀ mọ̀ pé “oko ni a ti bí i” kò túmọ̀ sí “a kò fọwọ́ kan igbó.”

5. Ikú tí a ti kà mọ́ owó ọjà

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ilé olówò ńlá fúnra rẹ̀. Kò wọ́pọ̀ kí ojú ará ìta rí inú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá ọdún 2009, ìjọba wọ ilé olówò ńlá kan ní Arlington, ní ìpínlẹ̀ Texas, wọ́n sì gba gbogbo ẹran inú rẹ̀. Atẹ́gùn fẹ́, a rí fùrọ̀ adìyẹ. Ẹran tí wọ́n bá níbẹ̀ lé ní 26,000, oríṣi 171. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n tọ́jú ẹran wọ̀nyí kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Nǹkan bí 80 nínú 100 ni ó ń ṣàìsàn, tí ó farapa, tàbí tí ó ti kú. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹran tí ó ti kú tàbí tí ó ń kú lọ, tí wọ́n ń kó dànù, tó nǹkan bí 3,500, ẹran afàyàfà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ọjà fi ń wọlé tí ó sì ń jáde, 72 nínú 100 ni ó ń kú.

Kí ni ó ń pa wọ́n? Kì í ṣe ohun abàmì. Omi kò tó. Oúnjẹ kò bá wọn mu. Ìgbóná àti ọ̀rinrin kò sí bí ó ti yẹ. Ìdọ̀tí kún ibùgbé wọn. A kó wọn mọ́ra wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan ń bá ara wọn jà. Ohun tí owó díẹ̀ àti àkíyèsí lè ṣàtúnṣe ni gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tí a sọ nílé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà ni ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù jù. Ẹ̀rí tí ìhà olówò náà mú wá ni pé irú iye ikú bẹ́ẹ̀ kò ju ohun tí ó wọ́pọ̀ nínú irú òwò náà lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ikú kì í ṣe àṣìṣe nínú òwò náà. Ó ti wà nínú ìṣirò. Olówò tí ó ra ejò lọ́pọ̀ ní owó pọ́ọ́kú lè pàdánù púpọ̀ nínú wọn, kí ó sì tún jèrè. Nígbà tí ọjà bá pọ̀ jù, ẹyọ kan kì í níye lórí mọ́. Ọ̀pọ̀ tí a ń torí rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ olówò ńlá náà ni ó ń pa ẹran.

Nígbà tí alátùntà bá ń yọ̀ pé òun rí ejò rà ní owó tí kò gara, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tí ó san ìyókù. Àgbẹ̀ ti san díẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí pé owó táṣẹ́rẹ́ ni a fún un. Ejò tí ó kú ti san púpọ̀. Ẹni tí yóò ra ejò náà ní ìsọ̀ rẹ̀ ni yóò san èyí tí ó kù, bí ó bá gbé e délé tí ó kọ̀ láti jẹun.

6. Ohun tí ó ń bá ejò wọ ọkọ̀

Ejò kì í dá rin ìrìn-àjò. Eégbọn a máa wà lábẹ́ ìpẹ́ rẹ̀, aràn a sì máa wà ní ìfun rẹ̀. Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kékeré ni eégbọn, ṣùgbọ́n ní Florida, a rí eégbọn lára ìjàpá tí wọ́n kó wá láti Áfíríkà tí ó gbé àrùn kan tí wọ́n ń pè ní heartwater. Àrùn yìí ń pa màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de kíkó oríṣi ìjàpá Áfíríkà mẹ́ta wọlé nítorí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí a kó wọlé fún eré ṣe fẹ́ di ìparun fún àwọn tí ń sin màlúù.

Kòkòrò àìfojúrí Salmonella náà wà. A máa wà nínú ìfun ẹran afàyàfà láìṣe é ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n a máa fa ìgbẹ́ gbuuru àti ibà fún ènìyàn, pàápàá ọmọdé. Nítorí rẹ̀ ni Amẹ́ríkà fi ka títa ìjàpá omi kéékèèké léèwọ̀ ní 1975. Àwọn onímọ̀ ìlera ibẹ̀ sì gbani níyànjú pé kí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún má ṣe fọwọ́ kan ẹran afàyàfà rárá.

7. Òfin àti “ó yẹ kí o mọ̀”

Láti ọdún 1900 ni Amẹ́ríkà ti ní òfin kan tí wọ́n ń pè ní Òfin Lacey, wọ́n sì ti tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tí ó kàn wá nínú rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá kó ẹranko wọlé, tí ó rà á tàbí tí ó tà á, lè jẹ̀bi bí a bá ti mú ẹranko náà lòdì sí òfin orílẹ̀-èdè tí ó ti wá. Òfin náà kò sì gba “n kò mọ̀” gẹ́gẹ́ bí àwáwí ní gbogbo ìgbà: bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó ṣọ́ra bí ó ti yẹ ìbá ti mọ̀, ẹ̀bi lè wà lọ́rùn onítọ̀hún. Ẹ̀wẹ̀, láti oṣù kẹta ọdún 2012, a kò gbọdọ̀ kó erè wọ Amẹ́ríkà mọ́, nítorí ìbẹ̀rù pé yóò sá wọ igbó kí ó sì gbilẹ̀ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ejò ńlá mìíràn láti Éṣíà ti ṣe ní ẹrẹ̀ Everglades ní Florida. Mọ̀nàmọ́ná kò sí nínú ìfòfindè náà.

Mo mẹ́nu ba òfin yìí nítorí pé ó bá ọgbọ́n àwọn baba wa mu. Ẹni tí ó gba ẹrù olè, tí ó ní òun kò bi í ibi tí ó ti rí i, kò tí ì wẹ ara rẹ̀ mọ́. Àìbéèrè gan-an ni ejò tí ó lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà.

8. Kí ni kí ẹni tí ń rà ṣe?

Ìbéèrè mẹ́rin ni ó yẹ kí alátùntà bi olówò ńlá kí ó tó sanwó. Èkíní: lẹ́tà wo ni ó wà lórí ìwé àṣẹ rẹ̀, W ni, R ni tàbí C? Kí ó rí ìwé náà. Kí ó má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Èkejì: ọjọ́ wo ni ó dé? Ejò tí ó dé lánàá kò tí ì fi àìsàn rẹ̀ hàn. Ẹ̀kẹta: ó ti jẹun lẹ́yìn tí ó dé, ẹ̀ẹ̀melòó sì ni? Mọ̀nàmọ́ná tí a mú ní àgbà a máa kọ oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ̀kẹrin: mélòó ni ó bá a dé, mélòó ni ó sì kù? Olówò tí kò lè dáhùn èyí tí ó kẹ́yìn ti dáhùn rẹ̀. Lẹ́yìn rírà, kí a yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù fún oṣù kan ó kéré tán, kí a yọ eégbọn ara rẹ̀, kí a sì mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ẹranko.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé ọ̀nà tí ó dára jù ni kí wọ́n ra èyí tí a bí lọ́dọ̀ wọn láti ara òbí tí ó jẹ́ ẹran ọ̀sìn. Òótọ́ ni, ó sì ti ń ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà tí Bob Clark ti mú àfín mọ̀nàmọ́ná jáde lọ́sìn ní Amẹ́ríkà ní 1992, àwọn olùsìn ti ṣe àdàlù oríṣiríṣi àwọ̀, tí ejò àtọ̀húnrìnwá kò fi jẹ́ ààyò gbogbo ènìyàn mọ́. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ilẹ̀ wa ńkọ́? Bí òwò náà bá kú, owó díẹ̀ tí ń wọlé fún un ní ẹ̀ẹ̀rùn kú nìyẹn, ó sì tún lè pa ejò náà fún ọbẹ̀, fún awọ tàbí fún oògùn. A kò lè fi ọwọ́ rọ́ ìbéèrè yìí sẹ́yìn. Bí ó ti wù kí ó rí, iye ejò kọ́ ni ó ń fún àgbẹ̀ lówó, bí kò ṣe iye tí a ń rà á. Ejò díẹ̀ tí a mú pẹ̀lú ìṣọ́ra, tí ó dé láàyè, tí a sì rà ní owó gidi lọ́wọ́ ẹni tí ó mú un, sàn fún un ju ọ̀pọ̀ tí ó ń kú sọ́nà lọ. Ihò tí ó bá ṣófo pátápátá kò ní san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Eku nìkan ni yóò kù, tí yóò máa jẹ iṣu àti àgbàdo rẹ̀.

9. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ejò tí a ń tà lọ́pọ̀ ní òkè òkun ní ìlú, ó ní ihò, ó sì ní ìyá. A ti rí i pé lẹ́tà kan lórí ìwé lè sọ òótọ́ kí ó sì tún bo òótọ́ mọ́lẹ̀. A ti rí i pé owó pọ́ọ́kú ní ẹni tí ó ń san ìyókù rẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ni láti ṣe òfin, iṣẹ́ onímọ̀ ni láti kà kí ó sì wọ̀n. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí ó di owó mú ni agbára wà. Olówò ńlá kì í kó ohun tí a kò bá rà. Bí àwọn alátùntà bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí ó kú, ìṣirò òwò náà yóò yí padà, nítorí pé ikú yóò ti di ohun tí ń lé oníbàárà sá.